Ènìyàn Ń Pọ̀ Sí I, Ilẹ̀ Kò Fẹ̀ Sí I: Ohun Tí Àgbẹ̀ Lè Ṣe

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọmọ bíbí jẹ́ ohun ayọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò gbàdúrà pé kí ilé òun ṣófo. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé ẹnu tí ń jẹun ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ tí a fi ń dáko kò sì fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ. Nígbà tí a ka ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún 1963, iye tí a kéde lé ní mílíọ̀nù 55. Nígbà tí a tún kà wọ́n ní ọdún 2006, iye náà ti lé ní mílíọ̀nù 140. Láàrin ọdún 43 yìí, oko tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ kò fi éékà kan pọ̀ sí i.

Bí ilẹ̀ ti ń sinmi

Àwọn bàbá wa kì í lo ilẹ̀ títí tí yóò fi gbó. Bí wọ́n bá dáko sí ibì kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, wọn a sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Ọgbọ́n ni èyí jẹ́. Gbòǹgbò igi a máa fa oúnjẹ tí ó ti rì sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá sókè. Igi a wọ́wé, ewé a jẹrà, a sì di ọ̀rá ilẹ̀. Òjìji igi a sì pa koríko.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní ọkùnrin kan ní éékà 12. Ó ń gbin éékà 2 fún ọdún 2, lẹ́yìn náà ó ń ṣí lọ sí éékà 2 mìíràn. Kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ náà ti sinmi fún ọdún 10. Ọmọ rẹ̀ 2 pín ilẹ̀ náà, éékà 6 sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń dáko bí bàbá wọn ti ń ṣe, ìsinmi ilẹ̀ di ọdún 4. Bí ọmọ 2 bá tún pín ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, éékà 3 ni yóò kan ọmọ-ọmọ kan. Bí ó bá gbin éékà 2, éékà 1 péré ni yóò kù tí ń sinmi, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kan òun náà. Nígbà náà ni ewé àgbàdo yóò máa di pupa rúsúrúsú, tí iṣu yóò máa kéré, tí koríko líle yóò sì gba oko.

Igbó tí ó kù

Ẹlòmíràn a ní, “Igbó ṣì wà níwájú.” Igbó náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Igbó ọba Olókèméjì, tí ó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ni a ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1899. Irú igbó bẹ́ẹ̀ ń fi ewé gba ìlù òjò, ó sì ń jẹ́ kí omi rọra wọnú ilẹ̀. Omi yìí ni ó ń sun jáde sínú odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá ṣán irú igbó bẹ́ẹ̀ tán, àgbàrá yóò gbá ilẹ̀ dúdú lọ. Odò yóò kún àkúnya ní ìgbà òjò, yóò sì fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, oko tuntun náà yóò rẹ̀ bíi ti àtijọ́, kò sì ní sí igbó mìíràn tí a ó ṣí lọ.

Nítorí náà, bí a kò bá lè fún ilẹ̀ ní ìsinmi gígùn mọ́, a gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ tí ìsinmi ń ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ní orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ poro ní ìbú, kí ó dábùú ọ̀nà omi. Poro tí ó dojú kọ ìsàlẹ̀ ń la ọ̀nà fún àgbàrá.

2. Ẹ má ṣe sun gbogbo pàǹtírí oko. Ẹ tẹ́ pòròpórò àgbàdo àti koríko gbígbẹ sórí ilẹ̀, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì jẹrà síbẹ̀.

3. Ẹ máa fi ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí òtílí gba ipò àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Nínú kókó wẹẹrẹ tí ó wà lára gbòǹgbò wọn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ń gbé. Àwọn wọ̀nyí ń mú oúnjẹ ilẹ̀ tí a ń pè ní náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́.

4. Ẹ gbin àgúnmánìyè ní ìlà ìlà, kí mítà 4 wà láàrin ìlà kan sí èkejì, kí ẹ sì máa gbin oúnjẹ sí àárín wọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti dán irú ètò yìí wò. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan, kí ẹ sì tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ wúlò fún igi iṣu. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o: bí ẹ kò bá gé e lákòókò, yóò ṣíji bo ohun ọ̀gbìn, yóò sì bá a du omi.

5. Ẹ má ṣe gé igi etí odò.

6. Ẹ lo ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ẹran tí ó ti jẹrà. Kí ẹ tó ra ajílẹ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn léèrè irú èyí tí ilẹ̀ yín fẹ́ àti ìwọ̀n tí ó tọ́.

Ní ti ọmọ bíbí, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi àlàfo sáàrin ọmọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, àwọn nọ́ọ̀sì yóò ṣàlàyé fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a ti bí ná ni yóò pín ilẹ̀ tí a ń dáko lónìí.

Ẹ fi ìdajì éékà dán ètò yìí wò nígbà òjò tí ń bọ̀. Ẹ gbin ìdajì kejì bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ wọn ìkórè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì fi wọ́n wéra.