Eré Ìdárayá fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ṣíífù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí a bá ń yẹ ìwé owó wò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a máa ń rí i pé ẹni tó ṣèlérí owó ìfipamọ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ kì í pẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹni tó mú díẹ̀, tí kò sì yẹ̀ ẹ́, ni owó rẹ̀ ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ìdárayá rí.

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú èyí tí yóò mú èémí yára díẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ti di 150.

Nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ báńkì ní Marina kò lè mú aago kan náà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣíífù yín yan àkókò:

1. Ṣíífù àárọ̀: bí ẹ bá ń lọ sí Oníkan, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní CMS, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín.

2. Ṣíífù ọ̀sán: ẹ rìn kí oòrùn tó mú.

3. Ṣíífù òru: ẹ kọ́kọ́ sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jó àpàlà tàbí fújì nínú ilé. Ijó náà eré ìdárayá ni.

Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí ayáwó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn onídùúró rẹ̀ ni gbèsè ń wá kàn.

Ìbéèrè: Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ lè san lọ́sẹ̀ yìí láìjẹ gbèsè?