Bọ́ọ̀tì Tó Jọra

Ọmọ mi, kí o tó di ẹrù lọ sí Zaria láti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú, jókòó kí n sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì fún ọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1990, ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ British Airways kan. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀tì tó tú, ó lọ fi wá irú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù iṣẹ́ sọ fún un pé nọ́ńbà míì ni wọ́n ń lò fún gíláàsì yẹn. Kò kà á sí. Ẹni náà sì dákẹ́. Ìwé tí nọ́ńbà ẹ̀yà ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ wà nítòsí, kò ṣí i. Níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ dáadáa, tí kò sì lo awò ojú rẹ̀, ó ṣa àwọn tó rò pé wọ́n bára mu.

Nínú 90 bọ́ọ̀tì tó di gíláàsì náà mú, 84 ló tín-ín-rín ju bó ti yẹ lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó mìlímítà kan. Orí wọn ò kún ojú ihò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń dè wọ́n ló bo ibẹ̀ mọ́ ọn lójú. Kò sì sí ẹni tó tún iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ̀ náà gbéra, ó ń lọ sí Málaga. Ó ga ju 17,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ nígbà tí gíláàsì fò dànù, tí afẹ́fẹ́ fa Tim Lancaster tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ jáde láti orí dé ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí títí igbákejì rẹ̀, Alastair Atchison, fi bà sí Southampton. Ọlọ́run yọ wọ́n: nínú èèyàn 87, ẹnì kankan ò kú.

Wọn á kọ́ ọ ní ẹ́ńjìnnì, wọn á kọ́ ọ ní wáyà. Ó dára. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìwé ṣíṣí mọ́ ọ lára, àní nínú iṣẹ́ tí o ti ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, ní agogo mẹ́ta òru tí oorun ń kùn ọ́.

Ẹ̀kọ́ kan tó kù ló le jù fún ọmọ tí a tọ́ nílé wa. A kọ́ ọ pé kí o má já àgbà ní koro. Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù yẹn mọ òótọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi àgbà ni mo ń bẹ̀ ọ́: bí ọ̀gá rẹ bá mú èyí tí kì í ṣe òun, dọ̀bálẹ̀ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, tún un sọ. Bí ó bá bínú, gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, kí o fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà.