Bí A Ṣe Ń Wọn Ìfúnpá Àwọn Òbí Wa Nílé

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè roko láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìmọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Kò sí ibà, kò sí inú rírun, orí kì í sì í fọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé ni ẹlòmíràn tó ń mọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti ń kígbe rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkùgbé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àìsàn yìí ní ilé ìwòsàn UCH, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó yẹ àwọn ènìyàn wò káàkiri Nàìjíríà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1997 sọ pé bíi 11 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní in, 160/95 sì ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nígbà yẹn. Òdiwọ̀n ilé ìwòsàn ti lọ sílẹ̀ sí 140/90 báyìí.

Ìdí rèé tí inú mi fi ń dùn sí àwọn ọmọ tó ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ìyá àti bàbá wọn ní Mọ́níyà, Làlúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran. Ẹ ṣáà ra èyí tó tọ́. Aago ọwọ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sí awọ ara dára fún kíka ìṣísẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ní ti ìfúnpá, ẹ má fi èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú pinnu oògùn ẹnikẹ́ni: kò fún apá rárá, ìṣirò ló ń ṣe. Èyí tó ní òun ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ara léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí irú aago tàbí òrùka bẹ́ẹ̀ kankan.

Ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá, lókè ìgúnpá, ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó rà á, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ fi wọn ìbú apá màmá yín yíká, ní agbedeméjì èjìká sí ìgúnpá. Bó bá wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32, aṣọ tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá ti tó. Bó bá ju 32 lọ, ẹ béèrè èyí tó tóbi, nítorí aṣọ tó bá há máa ń gbé nọ́ńbà sókè, wọ́n á sì wá máa fi oògùn tọ́jú ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló nílò èyí tó tóbi yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á kì í béèrè. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ẹ yan èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì ra bátìrì mìíràn pa mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọn ọ́n. Bí bàbá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tàbí tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù pákí kalẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iye àkókò kan náà ni kí ẹni tó jẹ obì, tó fín aṣáà tàbí tó mu sìgá fi dúró. Kí wọ́n lọ tọ̀, nítorí ìtọ̀ tó bá kún inú a máa gbé ìfúnpá sókè.

Ẹ kúrò nídìí ààrò. Ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe kékeré: àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago pín 324 aláboyún ní Ìbàdàn sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lì, apá kejì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé nígbà tí oyún fi dàgbà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìfúnpá àwọn tó lo ẹ́tánọ́ọ̀lì kéré sí ti àwọn yòókù.

Àpótí kò ṣeé lò. Àga tó ní ìfẹ̀yìntì ni kí wọ́n jókòó sí, kí ẹ̀yìn wọn fara tì í. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ yọ apá kúrò nínú bùbá pátápátá, ẹ má kàn ká a sókè. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kó wà ní déédéé ọkàn. Bó bá relẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sí i. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ibí yìí ló ń nira jù ní abúlé, torí pé àgbà kì í gbọ́ "ẹ kú ilé" kó má dáhùn. Ẹ fi ọmọ kan sẹ́nu ọ̀nà kó máa bá wọn dáhùn.

Ẹ wé aṣọ náà mọ́ apá, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi ìwọ̀n ìka méjì jìnnà sí kòtò ìgúnpá, kí rọ́bà rẹ̀ kọjú sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà. Bó bá tú u tán, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni ẹ ó máa lò títí.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó lo oògùn, àti lálẹ́ kí wọ́n tó sùn: ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ, déètì, àkókò, nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣa èyí tó dára kọ. Bí èèyàn méjì bá ń lo ẹ̀rọ kan, ẹ má gbára lé èyí tí ẹ̀rọ fi pamọ́ fúnra rẹ̀, yóò da tọkọ taya pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ keje, ẹ yọ ti ọjọ́ kìn-ín-ní kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ wọn ọ́n pín in. Bí ohun tó jáde bá tó 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé náà tọ nọ́ọ̀sì lọ. Ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì fi kún un fúnra yín.

Bí ẹ bá rí 180/120, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún un wọn. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí kò já gaara, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ti aláboyún yàtọ̀: 140/90 ti tó láti mú un lọ lọ́jọ́ náà, pàápàá bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà nílò àyẹ̀wò. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, ẹ gbé e dání. Kí nọ́ọ̀sì fi tiwọn wọn apá kan náà, kí ẹ fi tiyín wọn ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àlàfo tó ju mẹ́wàá lọ bá ń wà láàrin wọn nígbà gbogbo, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ máa ṣe èyí lọ́dọọdún.