Ilé Òkété

Òkè-Sópin,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé o ra ọmọ òkété méjì lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ní Àgọ́-Ìwòyè, pé o ò pa wọ́n jẹ, o fẹ́ máa sìn wọ́n ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀ jàre. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti dán an wò bóyá òkété á gbà fún sísìn, ó sì gbà.

Ṣùgbọ́n mo rí fọ́tò àgò rẹ, kò tẹ́ mi lọ́rùn. O kùn ún lọ́dà pupa, o gbé e sẹ́bàá fèrèsé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí wọn. Ojú tìẹ lo kọ́ ilé yẹn fún. Ẹranko òru ni òkété, inú ihò ló ń sùn lọ́sàn-án, oòrùn sì máa ń tètè mú un. Gbé wọn kúrò níbẹ̀ lónìí. Wá ìkòkò amọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ya, dojú rẹ̀ délẹ̀ sí igun tó ṣókùnkùn jù. Kó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, má bá wọn tò ó sínú rẹ̀ o. Fúnra wọn ni wọ́n á wọ́ ọ wọlé, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni eré wọn.

Pákó ni mo fi kan àgò tèmi àkọ́kọ́, ojúlówó ìrókò tí mo gbà ní sọ́ọ̀mìlì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ihò tó gba ìkúùkù ni mo bá lára rẹ̀. Irin ni kí o lò, àmọ́ má jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà, yóò dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó kúnná ń wọ̀ wọ́n nímú. Èyí tó ń ká jáde lẹ́nu ìfági káfíńtà ni kí o tẹ́ sílẹ̀ àgò.

Oúnjẹ kò le: ẹyìn, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Má bù ú sínú àwo, fi pamọ́ kí wọ́n wá a. Imú wọn kì í ṣe kékeré. Òkété kan tó ń jẹ́ Magawa, tí wọ́n kọ́ ní Tanzania, fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tó lé ní 100 ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Ohun tí wọ́n bá rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n á fi kó o lọ sí ìkòkò. Èyí tó bá ti ń rà nìkan ni kí o kó dànù.

(Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sìn wọ́n, mi ò rí èyí tó mu ún.)

Bí akọ bá ni àwọn méjèèjì, wá àgò kejì kí wọ́n tó dàgbà, torí wọ́n á jà.

Ọ̀kan ló ń kọ mí lóminú: inú igbó ni tìẹ ti wá. Ní 2003, wọ́n kó òkété àti àwọn eku mìíràn láti Gánà lọ sí Texas fún àwọn tó fẹ́ sìn wọ́n nílé. Àrùn mpox bá wọn lọ, ó ran ẹranko tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ran èèyàn, ni Amẹ́ríkà bá fòfin de eku Áfíríkà. Gbé tìẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Fọ ọwọ́ rẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n sùn lórí ibùsùn rẹ.

Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yà sọ́dọ̀ mi. Àgò onírin mi ṣì wà lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.