Ìṣọ́ òru, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìlera ẹ̀mí

Aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀mí mi, ni mo bá ń lọ sí ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n fi kún un ni, àbí kí n pa oògùn tì kí n fi ìgbàgbọ́ ṣe é? — Ìyá Aláṣọ

Ìyá wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè dákẹ́ sára títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Ẹ lo oògùn, ẹ gbàdúrà. Àwọn méjèèjì kò bára wọn jà.

Ìlera ẹ̀mí ni pé kí èèyàn mọ ohun tí òun ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, kí àárín òun àti ọmọnìkejì rẹ̀ sì gún. Iye òru tí ẹ fi ṣọ́nà kọ́ ni. Ara ń fẹ́ oorun wákàtí méje ó kéré tán, àìsùn léraléra sì ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ dín ìṣọ́ òru náà kù. Àdúrà ọ̀sán náà ń gbà.

Àdúrà sì ń ṣe ara lóore lóòótọ́. Lọ́dún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ní kí èèyàn 23 máa ka àdúrà Rosary ní èdè Látìn. Bí wọ́n ti ń kà á, èémí wọn rọra wálẹ̀ sí bíi mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ètò tí ara fi ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń jí pépé sí i. Ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó, ẹ mí sínú, kí ẹ wá sọ gbólóhùn àdúrà kan bí ẹ ti ń mí síta, láìkánjú, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n èèyàn ni mo fẹ́ kí ẹ wá jù. Ẹ wá ẹnì kan, nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ ọjà, tí ẹ lè dárúkọ ọkọ yín létí rẹ̀ kí ó má sì ní kí ẹ panu mọ́.

Bí oúnjẹ kò bá wọlé, tí ayé sú yín, tí èyí sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé fún ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ìbátan aláìsàn máa ń bá a wá, wọ́n á jọ máa gbé abúlé. Ẹ̀yin náà, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ mú àbúrò tàbí ọmọ dání, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn yín lọ fún dókítà wò.