Kí Ọdẹ Tó Wọ Oko Olóko

Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, a kì í ṣàdédé wọlé. A ó dúró, a ó ní, "Àgò o!" Bí onílé bá dáhùn pé, "Àgò yà," a ó wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, a ó padà. Ọmọdé pàápàá mọ èyí.

Oko náà ní olóko, igbó náà sì ní onígbó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdẹ ni kì í kágò níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Èmi ò jí iṣu, èmi ò ká kòkó. Ẹran ìgbẹ́ ni mo wá pa. Ta ló ń sin ẹran ìgbẹ́?" Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń sìn ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ẹsẹ̀ ọdẹ wà, àárín kòkó ẹlòmíràn ni ọta ìbọn rẹ̀ sì ń gbà kọjá. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ sọ bí a ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko, àti ìdí tí a fi ń tọrọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan tí a mọ̀. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣọdẹ nínú oko kòkó kan láti ọjọ́ pípẹ́. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ẹnikẹ́ni ò sì bá a wí. Ó mọ oko náà bí ẹní mowó. Nígbà tí ìkórè dé, olóko rí i pé àwọn olè ń kó kòkó tí òun sá sórí ẹní. Ló bá ní kí àwọn lébìrà òun méjì máa sùn sínú oko. Ọdẹ yìí ò gbọ́. Lóru ọjọ́ kan, ó rí ohun tó ń mì níbi tí kò ti rí ènìyàn rí lóru. Ó rò pé ìgalà ni. Ó yìnbọn. Àṣé lébìrà kan ló dìde láti lọ tọ̀. Ọta bà á ní itan. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n títí di òní ló ń tiro. Ọdẹ náà ta ìbọn rẹ̀, ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó tó rí owó ilé ìwòsàn san. Àwọn ọlọ́pàá sì mú un lọ.

Kí ni ìbá gba àwọn méjèèjì? Ìbéèrè kan péré ni: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ṣọdẹ ní oko yín lóru òní. Ṣé ẹnikẹ́ni ń sùn níbẹ̀?"

Nítorí náà, àyè títọrọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìkan. Olóko mọ ohun tí ojú ọdẹ ò lè rí. Ó mọ ọ̀pẹ tí adẹ́mu ń gùn ní kùtùkùtù. Ó mọ ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ pọn omi. Ó mọ ẹni tó dẹ tàkúté sílẹ̀, ó sì mọ kànga àtijọ́ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Gbogbo èyí ni ọdẹ tó bá béèrè yóò gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ni kí á wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ibí yìí ló ta kókó díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ púpọ̀ jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí ló sì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáko níbẹ̀ lè jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ẹ bá bi olórí ẹbí nìkan, ó lè má mọ ẹni tó ń sùn nínú ahéré lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi àlejò nìkan, onílẹ̀ lè wí pé ẹ fojú di òun. Ẹ bi àwọn méjèèjì. Bí ẹ ò bá sì mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, yóò júwe rẹ̀ fún yín.

Àwọn kan a máa wí pé, "Ìjọba ti gba ilẹ̀, kò ní olówó mọ́." Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Lóòótọ́, òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ló jẹ́ kí ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa bá a lọ. Oko olóko ṣì jẹ́ oko olóko.

Àwọn igbó kan sì wà tí baálẹ̀ tàbí olóko ò lè fún yín láyè níbẹ̀. Ọgbà ẹranko tó wà ní agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé ti wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1991. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti tọrọ àyè. Ọ̀sán ló lọ, kò gbé ìbọn dání.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àroko bọ́dún dé o."

"Àṣẹ o. Ta nìyẹn?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni mí, ní abúlé kejì. Ọdẹ ni mí. Mo gbọ́ pé ọ̀yà ń ba ẹ̀gẹ́ yín jẹ́."

"Hùn! Ọ̀yà ti fẹ́ jẹ oko mi run."

"Bí ẹ bá gbà fún mi, Bàbá, màá wá lóru Ọjọ́bọ̀. Èmi nìkan ni màá wá. Ibo ni ẹ ò fẹ́ kí n dé?"

"Má kọjá odò o. Àna mi dẹ tàkúté sí òdìkejì. Má sì kọ ẹnu ìbọn sí ọ̀nà ahéré, ìyá àgbà ń sùn níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Bí Ògún bá gbè mí, màá gbé itan kan wá fún yín."

"Itan kọ́ ni mo ń wá. Ṣáà bá mi pa ọ̀yà. Máa lọ, wàá bọ̀ láyọ̀."

Ẹ kíyè sí ìbọn tó fi sílé. Ẹni tó gbé ìbọn kọ́ èjìká wá tọrọ nǹkan, ṣé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ni àbí ó ń dẹ́rù bani? Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ó béèrè ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.

Bí olóko bá ní òun ò gbà ńkọ́? Kí á dúpẹ́, kí á máa lọ. Bóyá ọdẹ kan tó wá ṣáájú ti ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbà, ẹni tó tọrọ àyè ló gbà á fún. Kò sọ pé kí ẹ kó ọ̀rẹ́ márùn-ún wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ẹ dáná sun ìgbẹ́ láti fi lé ẹran jáde. Bí ẹran tí ẹ yìnbọn fún bá sì sá wọ oko ẹlòmíràn, ẹ dúró ní ààlà, kí ẹ lọ pe ẹni tó ni ín. A mọ̀ pé ó ṣòro. Ọdẹ tó ti rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ kì í fẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbọn tún ń bẹ. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ṣakabùlà. Àyè tí olóko fún yín ò lè dípò ìwé yìí. Ìwé yìí náà ò sì lè sọ oko olóko di tiyín.

Olóko mìíràn ń gbé ní ìlú, kì í sí lóko. Ẹ lè pè é lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ wàyí, ẹ kọ ọ́ báyìí:

Bàbá wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Èmi, . . . . . . , ọdẹ ní abúlé . . . . . . , ń tọrọ àyè láti ṣọdẹ ní oko yín tó wà lẹ́bàá odò . . . . . . láti ọjọ́ . . . . . . títí di ọjọ́ . . . . . . Èmi nìkan ni n ó máa wá, lóru ni n ó sì máa wá. N kò ní dáná, n kò ní dẹ tàkúté. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ kò fẹ́ kí n dé sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni ọmọ yín, . . . . . .

Ẹ kọ ọ́ ní méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olóko, kí ẹ fi ọ̀rá wé èkejì sínú àpò yín. Bí ẹni tó ń ṣọ́ oko bá dá yín dúró lóru, ẹ ó rí nǹkan fi hàn án. Bí olóko ò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó tẹ̀ka. Ibi tó bá ní kí ẹ má dé, ẹ bá a kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì tún kà á fún un.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín báyìí. Ẹ da ìwé òkè yìí kọ, kí ẹ fi orúkọ yín, abúlé yín àti odò ibẹ̀ dí àwọn àlàfo rẹ̀.