Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Ẹ̀kọ́ Ọmọ

Kò sí obìnrin tí yóò ra gàrí ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tí kì yóò kọ́kọ́ wo kóńgò tí a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n fún un. Yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Yóò sì ṣọ́ ọwọ́ ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ọmọ sí ilé-ìwé fún ọdún mẹ́fà láì béèrè irú kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́ fún un. Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè méjì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ọmọ ń tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀? Bí kò bá sì tẹ̀síwájú, ta ni ó yẹ kí ó jíhìn?

KÍKA ORÍ ỌMỌ KÒ TÓ

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1952. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, iye wọn di 811,432. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ilé tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ kò sì níye.

Kíka orí ọmọ ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé kò lè kọ́ ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé orí ọmọ wà lórí bẹ́ǹṣì kò fi hàn pé ẹ̀kọ́ ti wọ inú orí náà. Ní ìgbà kan náà tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ọdún tí ọmọ ń lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dín láti mẹ́jọ sí mẹ́fà, àwọn ọmọ sì pọ̀ ju àwọn olùkọ́ tí ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ń lọ sílẹ̀. Ìjọba kò di etí sí ìkùnsínú náà. Ní ìparí ọdún 1960, ó yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí a fi orúkọ alága rẹ̀ pè ní Ìgbìmọ̀ Banjo. Nínú ìjábọ̀ tí ó jáde ní 1961, ìgbìmọ̀ náà tọ́ka sí àìtó àwọn olùkọ́ tí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba tí ó bá ka iye ọmọ gbọ́dọ̀ tún padà wá wo ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀.

FÍFI OHUN TÍ Ó JỌRA WÉ ARA WỌN

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àfi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tí wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n tún ní àwọn ọmọ mìíràn tí a ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi ìhà méjèèjì wé ara wọn. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Bí kò bá sí ìfiwéra yìí, èrò lásán ni ìbá jẹ́, ẹnìkan ì bá sọ tirẹ̀, ẹlòmíràn ì bá sì ta kò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ìbàdàn. Láti Àgbówó, tí ó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, títí dé Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, irú ilé tí àwọn ọmọ ti ń jáde wá kò dọ́gba. Ilé kan ní ìwé àti iná. Ní ilé kejì, ọmọ ní láti kiri ọjà kí ó tó ríbi jókòó kàwé. Ká ní ilé-ìwé méjì wà, tí ọmọ 40 wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Nínú èkínní, ọmọ 30 ti mọ̀wé kà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní òpin ọdún, wọ́n di 33. Nínú èkejì, ọmọ 6 péré ni ó mọ̀wé kà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọdún, wọ́n di 22. Bí a bá wo òpin nìkan, a óò yin èkínní, a óò sì bú èkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ 3 ni àwọn olùkọ́ èkínní fi kún iye tí wọ́n bá nílẹ̀, àwọn olùkọ́ èkejì sì fi ọmọ 16 kún tiwọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ ti gbéra kí ó tó sọ ibi tí ó dé.

KÓŃGÒ ÈKÉ

Òṣùwọ̀n mìíràn wà tí ń ba ohun tí à ń wọ̀n jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1862, ìjọba ṣe òfin pé èsì ìdánwò tí alábẹ̀wò bá ṣe fún àwọn ọmọ ni yóò sọ iye owó tí ilé-ìwé yóò gbà. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń jẹ́ kí àwọn ọmọ há ìwé sórí láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti Èkó ní 1887 pẹ̀lú so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, ìwádìí kan tí ó jáde ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní 2011 fi hàn pé àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé 178, ní ilé-ìwé 44, ni ọwọ́ wọn wà nínú yíyí èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Àwọn kan pa ìdáhùn tí ọmọ kọ rẹ́, wọ́n sì fi èyí tí ó tọ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ àti owó wọn wà lórí máàkì náà. Ẹni tí ó bá ra ìdáhùn ìdánwò fún ọmọ rẹ̀ ti lu ìdí kóńgò wọnú, ọmọ tirẹ̀ gan-an ni yóò sì gbé àpò òfìfo lọ sílé.

TA NI YÓÒ JÍHÌN?

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní 2004, sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn. Ó sì ní ìjìyà fún òbí tí kò bá fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ìwé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí òbí bá ti ṣe tirẹ̀, tí ọmọ sì jókòó ọdún mẹ́fà tí kò lè ka lẹ́tà kan fún ìyá rẹ̀, ìjíhìn kò tún kù sọ́dọ̀ òbí nìkan.

Òbí yóò jíhìn bí ó bá ń rán ọmọ lọ kiri ọjà ní àkókò ilé-ìwé. Olùkọ́ yóò jíhìn fún ìwé tí kò yẹ̀ wò àti ọjọ́ tí kò wá. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò jíhìn fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Alábẹ̀wò yóò jíhìn bí ó bá kàn fọwọ́ sí ìwé àlejò, tí kò wọ kíláàsì láti gbọ́ bí ọmọ ti ń kàwé. Ìjọba pẹ̀lú yóò jíhìn: olùkọ́ tí a kó ọmọ 80 fún láìsí ìwé àti ṣọ́ọ̀kì kò yẹ ní ẹni tí a ń bi ní ìbéèrè tí a kò bi ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ABÚLÉ WA

Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham ní ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé ní àwọn ìgbèríko. Pépà kékeré kan ni wọ́n mú lọ́wọ́, tí lẹ́tà, ọ̀rọ̀, gbólóhùn díẹ̀ àti ìtàn kúkúrú wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò díẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kò lè ka ìwé kíláàsì kejì. Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀ láì náwó:

1. Ẹ mú ìwé kíkà Yorùbá ti kíláàsì kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún ka ojú ewé kan sókè.
2. Ẹ ní kí ó pa ìwé dé, kí ó sọ ohun tí ó kà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.
3. Ẹ fún un ní ìṣirò ìyọkúrò kan, irú èyí tí a fi ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà.
4. Ẹ kọ ọjọ́ àti èsì sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ara wọn.
5. Ẹ mú èsì náà lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, tàbí sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé tí a ń pè ní SBMC, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ni a óò ṣe.

Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè mọ ọmọ tí ń ka ọ̀rọ̀ geere yàtọ̀ sí ọmọ tí ń kólòlò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èsì yìí dójú ti ọmọ tàbí bú olùkọ́. Ibi tí ọmọ kù sí ni à ń wá, kí a lè ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì wà ní kékeré.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé àti iye ọmọ tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́?
2. Nínú àpẹẹrẹ ilé-ìwé méjì tí a sọ, èwo ni ẹ óò fi ọmọ yín sí? Nítorí kí ni?
3. Ìgbà wo ni a pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ kẹ́yìn ní abúlé yín, ta ni ó sì jíhìn níbẹ̀?